Mo fẹ́ fi servo yí rotary table oníínṣì 6 láti fi gé gíà: kí n so ó ní tààrà ni, àbí kí n fi bẹ́líìtì sí i?

IrinTútù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Rotary table oníínṣì 6 kan, tábìlì tó ń yípo láti pín iṣẹ́ dọ́gba, wà lórí mílíìnì máṣíìnì ilé. Téèyàn bá yí ọwọ́ rẹ̀ ní ìgbà 90, tábìlì á yípo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Gíà pààrọ̀ ti lathe ni mo fẹ́ máa fi gé, pàápàá eléyín 127, module 1 (module ni ìwọ̀n títóbi eyín ní mílímítà), èyí tí lathe oníínṣì fi ń gé skúrù onímílímítà. Àwo oníhò tó bá tábìlì wá ò lè ṣe é, nítorí 127 ò ṣe é pín sí wẹ́wẹ́. Àfi kí àwo ní ihò 127 gan-an.

Servo AC 400 W (mọ́tò tó ń ṣọ́ ibi tó yí dé) ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú dráìfù rẹ̀, àpótí iná tó ń yí i. Encoder rẹ̀, ohun tó ń ka yíyí rẹ̀, ń ka 10,000 ní ìyípo kan. Arduino Uno, kọ̀ǹpútà kékeré, ni mo fẹ́ fi darí rẹ̀. Kì í ṣe odidi CNC (máṣíìnì tí kọ̀ǹpútà ń darí pátá): kí n tẹ bọ́tìnì, kí tábìlì sún sí eyín tó kàn, kó dúró, kí n gé e.

Mo di irin pẹlẹbẹ mọ́ orí tábìlì, mo gbé gééjì alábẹ́rẹ́ tì í ní 100 mm sí àárín gbùngbùn. Mo di ọwọ́ tábìlì mú kó má yí, mo ti irin náà lọ, mo fà á bọ̀. Abẹ́rẹ́ sún 0.12 mm.

Ṣé kí n so servo mọ́ ṣáàfùtù worm (skúrù tó ń yí gíà ńlá inú tábìlì) ní tààrà, àbí bẹ́líìtì ni? Ṣé play (àyè tó tú) yìí ti pọ̀ jù? Kọ́tà (irin tó ń gé eyín) nọ́ńbà mélòó ni kí n rà fún eyín 127?

RìwáyàÌwó

Servo ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí. Stepper (mọ́tò tó ń yí ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀) NEMA 23 tó ní agbára yíyí 2 N·m á ṣe é dáadáa. Ìṣísẹ̀ 200 ló ní ní ìyípo kan. Ẹ pín in sí méjì, ó di 400. Ẹ fi 90 lù ú, ó di 36,000. Ìṣísẹ̀ kan jẹ́ 0.01°. Lórí gíà eléyín 127 yẹn, 0.011 mm nìyẹn létí eyín. Tábìlì yín ò sá eré kankan, ńṣe ló ń sún tó sì ń dúró. Níbi eré kékeré, stepper náà lágbára ju servo yẹn lọ, torí 1.27 N·m péré ni servo 400 W lè gbé láìsinmi. Ẹ ta servo, kí ẹ fi owó rẹ̀ ra kọ́tà.

Kọ́tà nọ́ńbà 2 ló ń gé eyín 55 dé 134.

ÌyáGíà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra nọ́ńbà 2! Kọ́tà DP lẹ̀ ń sọ, ti àwọn oníínṣì. Ti module, ìdàkejì ni wọ́n ń kà á: nọ́ńbà 1 fún eyín 12 àti 13, ó ń gòkè títí dé nọ́ńbà 8 tó jẹ́ 135 sókè. Eyín 55 dé 134 ní module, nọ́ńbà 7 ni. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà 2 ti module gé e, kọ́tà eyín 14 dé 16 ló fi gé e yẹn. Gíà náà á máa ké, á sì jẹ èkejì rẹ̀.

Irin tí o máa gé, 129 mm ni kí òde rẹ̀ jẹ́. Jíjìn eyín, 2.25 mm.

Ní ti stepper, òótọ́ ni RìwáyàÌwó sọ lórí agbára. Ibi tí mi ò ti bá a lọ nìyí: stepper tí kò ní encoder, tó bá fo ìṣísẹ̀, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. O ti gé eyín 90, ó fo díẹ̀ ní ìkọkànléláàádọ́rùn-ún, o ò ní mọ̀ títí eyín tó kẹ́yìn á fi gun orí àkọ́kọ́. Servo á ké, á sì dúró. Ó sì ti rà á. Kó lò ó.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí dáadáa, IrinTútù. Ẹ̀yìn servo ni encoder wà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn worm, kò rí i. 0.12 mm tí o wọ̀n yẹn jẹ́ 0.069°, ó di 0.076 mm létí gíà eléyín 127. Ìyẹn pọ̀, àní ó pọ̀ jù. Kò sí mọ́tò tó lè wò ó sàn. Inú tábìlì ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe.

Bàbá_Lathe

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni kí o dì mú. IrinTútù ọmọ mi, oríṣi play méjì ló pàdé nínú 0.12 yẹn, ìtọ́jú wọn ò sì jọra. Ọ̀kan ni àyè tó wà láàárín eyín worm àti eyín gíà ńlá. Èkejì, worm fúnra rẹ̀ ló ń sún lọ sún bọ̀ nínú búṣì tó gbé e. Ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ á máa fún worm mọ́ gíà títí yóò fi há, play kejì á sì ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Bí a ṣe ń yà wọ́n nìyí. Tú ọwọ́ tábìlì kúrò. Wàá rí ihò kékeré ní ojú ṣáàfùtù worm, ihò tí wọ́n fi gbé e sórí lathe nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Fi gíríìsì bíńtín síbẹ̀, kí o lẹ bọ́ọ̀lù bẹ́árìn 6 mm mọ́ ọn, kí ẹsẹ̀ gééjì jókòó lórí bọ́ọ̀lù náà. Tó bá jẹ́ ojú irin lásán lo gbé e lé, gbogbo gbágungbàgun ojú irin ni wàá máa kà sí play. Di ṣáàfùtù mú kó má yí, kí o wá ti irin orí tábìlì lọ bọ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Ohun tí gééjì bá kà níbí, sísún worm ni. Wọn gíà ńlá láti àárín rẹ̀ dé ibi tí worm ti pàdé rẹ̀, kí o fi ṣírò ohun tó máa jẹ́ ní 100 mm, kí o yọ ọ́ kúrò nínú 0.12. Ohun tó bá kù, ti eyín ni.

Fún sísún worm: tí ṣáàfùtù bá jẹ́ 12 mm, tí búṣì sì nípọn tó, bẹ́árìn 7001 méjì tí a kọ ẹ̀yìn wọn síra ló dára jù. 12 × 28 × 8 ni wọ́n. Èyí tó pọ̀ jù nínú tábìlì oníínṣì 6 ò ní àyè fún 28 mm. Nígbà náà, bẹ́árìn abẹ́rẹ́ AXK1226 pẹ̀lú wáṣà AS1226 méjì ni, ìdì kan ní iwájú búṣì, ìdì kan ní ẹ̀yìn. Ìdì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4 mm, nítorí náà wàá gé 4 mm kúrò níbi kọ́là ṣáàfùtù tàbí níbi ojú búṣì. Má ṣe yọ wáṣà yẹn sílẹ̀ pé ojú búṣì ti dán. Irin kásìtì rọ̀, abẹ́rẹ́ bẹ́árìn á gbẹ́ ẹ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nọ́ọ̀tì M12 × 1 méjì ni kí o fi dì í, kí wọ́n há ara wọn. Máa dì í díẹ̀díẹ̀ títí abẹ́rẹ́ gééjì ò fi ní mira mọ́, kí o dúró níbẹ̀. Tí ìka méjì ò bá lè yí worm mọ́, o ti dì í jù.

Fún ti eyín: búṣì tó gbé worm, ihò rẹ̀ ò sí láàárín gbùngbùn. Tí o bá yí búṣì, worm á sún mọ́ gíà tàbí kó jìnnà sí i. Lílo ibẹ̀ rọrùn. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe ni pé gíà ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ rí rogodo. Wọn play ní ibi 12, ní 30° 30°, kí o fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí etí tábìlì. Ibi tó há jù lọ ni kí o ti tún búṣì ṣe. Tó bá jẹ́ ibi tó tú lo ti fún un, nígbà tí tábìlì bá dé ibi tó há, ariwo ni wàá gbọ́.

IrinTútù

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Mo ti yà wọ́n. Worm ń sún 0.04 mm. Láti àárín gíà ńlá sí ibi tí worm wà jẹ́ bíi 56 mm, nítorí náà 0.04 yẹn jẹ́ 0.07 ní 100 mm. Ó ku 0.05 fún eyín.

Ní ibi 12, lẹ́yìn tí mo yọ ti worm kúrò: ibi tó há jù 0.03, ibi tó tú jù 0.07. Mo ti fi AXK sí i, sísún worm ò sí mọ́. Mo yí búṣì níbi tó há, ó di 0.01 níbẹ̀, 0.05 ní òdì kejì. Kò tún ṣe é yí mọ́.

RìwáyàÌwó

0.04 tó kù yẹn, ẹ fi grinding paste tí àwọn mekáníìkì fi ń lọ fáàfù sí i, kí ẹ máa fi dírìlì yí worm fún wákàtí kan. Ibi tó há á jẹ títí á fi bá ibi tó tú dọ́gba.

Bàbá_Lathe

Rárá o, rárá! Má fi grinding paste kan gíà yẹn. Tó bá jẹ́ idẹ ni gíà ńlá, òkúta inú paste á rì sínú idẹ, kò sì ní jáde mọ́, bó ti wù kí o fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ tó. Gíà náà á wá di òkúta ìlọta tó ń lọ worm lójoojúmọ́. Ohun tó ń jẹ kì í ṣe ibi tó há nìkan, gbogbo ẹ̀ ni. Fi fáìlì ha etí gíà díẹ̀: tó bá pọ́n bí wúrà, idẹ ni. Tó bá dúdú bí eérú, irin kásìtì ni, èyí tó lè fara dà á díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe é síbẹ̀ náà.

0.04 yẹn, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Apá ibì kan náà ni kí tábìlì ti máa wá sí eyín gbogbo, kí o sì há tábìlì (dì í pa kó má sún) kí kọ́tà tó wọlé. Play tí a kò kọjá nínú rẹ̀ ò lè ba eyín jẹ́.

ÌyáGíà

Ó ku ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì. Ohun tí Bàbá sọ nípa búṣì ló dáhùn ìbéèrè rẹ. Nígbàkígbà tí o bá yí búṣì láti dín play kù, ṣáàfùtù worm ń kúrò níbi tó wà. Tí servo bá wà lórí bíráàkẹ́tì tó dì mọ́ ara tábìlì, tí kọ́pílìn sì so wọ́n pọ̀ ní tààrà, ṣáàfùtù méjèèjì ò ní kojú ara wọn mọ́. Kọ́pílìn á máa ti worm sí ẹ̀gbẹ́ ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Tábìlì á máa sáré díẹ̀, á máa falẹ̀ díẹ̀, ní 4° 4°, wàá sì máa bá gíà ńlá wí lásán.

Bẹ́líìtì ò bìkítà nípa ìdajì mílímítà. HTD 5M (bẹ́líìtì eléyín, 5 mm láti eyín dé eyín) ni kí o lò, oníbùú 15 mm. Púlì eléyín 20 sórí servo, eléyín 40 sórí worm. Bẹ́líìtì 300-5M-15 ni, àárín púlì kan sí èkejì á jẹ́ 73.3 mm. Jẹ́ kí ihò bóòtù servo gùn tó 3 mm ní apá kọ̀ọ̀kan kí o lè fà á le. Àwo alumíníọ̀mù 12 mm tó fún bíráàkẹ́tì, èyí tó bá tín-ín-rín jùyẹn á máa gbọ̀n.

Má ṣe bẹ̀rù pé bẹ́líìtì máa ń fà. Ká ní ó fà tó 0.05 mm létí púlì ńlá, ìyẹn ò tó 0.1° lórí worm. Pín in sí 90, ó ku 0.001° péré lórí tábìlì.

Púlì alumíníọ̀mù ni kí o rà, má ra irin. Kì í ṣe torí owó. Tí a bá ṣírò rẹ̀, púlì irin eléyín 40 wúwo lójú servo ju tábìlì àti gbogbo irin tó wà lórí rẹ̀ lọ. Tábìlì jìnnà sí servo ní ìlọ́po 180, a sì ń pín ìwúwo yíyí rẹ̀ ní 180 lọ́nà 180. Púlì, ìlọ́po 2 péré ló jìnnà. Ẹni tó bá fi púlì irin sí i, tí servo wá ń gbọ̀n nígbà tó bá fẹ́ dúró, tábìlì ló máa ń fẹ̀sùn kàn.

Ẹlẹ́rọHouston

Ẹ kú àlàyé. Mo gbà pẹ̀lú bẹ́líìtì, àmọ́ ó ṣe é so ní tààrà láìsí wàhálà yẹn o, tí bíráàkẹ́tì servo bá dì mọ́ búṣì gan-an, tí kì í ṣe ara tábìlì. Búṣì àti servo á jọ máa yí. Kọ́pílìn oníke láàárín tàbí Oldham (kọ́pílìn tí àárín rẹ̀ ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀) á tó.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹni tó bá lágbára ẹ̀, kó gbàgbé worm pátápátá. Harmonic drive (gíà tó ń fi ife irin tín-ín-rín tó ń tẹ̀ ṣiṣẹ́) 100 sí 1 ò ní play rárá, kò sí búṣì tí a ń yí, kò sí ibi tó há àti ibi tó tú.

ÌyáGíà

Dídì í mọ́ búṣì, ó ṣe é ṣe lóòótọ́, mo gbà á. Ṣùgbọ́n servo 400 W wúwo tó kílò kan àti ààbọ̀ dáadáa, ó sì máa so rọ̀ síta. Skúrù kan ṣoṣo ló di búṣì mú nínú ọ̀pọ̀ tábìlì. Bí mílíìnì máṣíìnì bá ti ń gbọ̀n, búṣì á yí díẹ̀díẹ̀, play tí o fi ọjọ́ mẹ́ta lé jáde á padà wọlé. Àfi kí skúrù méjì di búṣì, kí ẹsẹ̀ kan sì gbé ìdí servo.

Harmonic, mi ò fara mọ́ ọn fún ilé. Worm kì í jẹ́ kí tábìlì yí padà nígbà tí iná bá lọ. Harmonic á yí padà, nítorí náà servo tó ní bíréèkì lo máa rà. Lábẹ́ kọ́tà, ó tún ń lọ́ díẹ̀ bíi rọ́bà, ó sì ń padà. Àwọn tí wọ́n ń tú lára rọ́bọ́ọ̀tì àlòkù wá tà, ife irin tín-ín-rín inú rẹ̀ lè ti rẹ̀, ojú ò sì lè rí i láti òde.

Ẹlẹ́rọHouston

Ọ̀rọ̀ bíréèkì yẹn tọ́, mo gbà á. Fún ẹni tí iná ń lọ mọ́ lọ́wọ́, worm ló dára.

OníKóòdù

Ẹ jẹ́ kí n mú apá ti Arduino. Pẹ̀lú bẹ́líìtì 2 sí 1, servo á yí ní ìgbà 180 kí tábìlì tó yípo. Nínú dráìfù, ẹ ṣètò gíà ẹlẹ́tíróníìkì (ìdá tó ń sọ pulse di yíyí) sí 10 lókè, 1 nísàlẹ̀, kí pulse 1000, àmì iná kéékèèké tí Arduino ń rán, jẹ́ ìyípo servo kan. Pulse 180,000 á wá jẹ́ ìyípo tábìlì kan, 500 fún dígírì kan. Nọ́ńbà tó gún régé ni, ẹ má lo 10,000 nítorí pé ó pọ̀. Pulse kan jẹ́ 0.002°, ìyẹn 0.0022 mm létí gíà yín. Kò sí ohun tí ẹ máa fi kékeré jùyẹn ṣe.

Ẹ fi pulse 10,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe òpin eré. Servo á máa yí 600 ní ìṣẹ́jú kan, worm 300. Uno lè ṣe é láìlàágùn. Ẹ má kọjá ìyẹn, nítorí worm tábìlì ọlọ́wọ́ yìí inú búṣì irin lásán ló ń yí.

Ibi tí gíà ti máa ń bàjẹ́ nínú kóòdù nìyí. 180,000 pín sí 127 jẹ́ 1417.32. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ ọ́ pé kó sún 1417 nígbà kọ̀ọ̀kan. Ní eyín 127, pulse 41 ti sọnù, 0.082° nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ á lọ kó jọ sáàárín eyín tó kẹ́yìn àti àkọ́kọ́: 0.09 mm. Gíà á máa lu kọ̀ọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣírò láti eyín dé eyín. Láti òdo ni kí ẹ ti ṣírò eyín kọ̀ọ̀kan:

long ipo = (long)eyin * 180000L / 127L;

Kí Arduino wá rán iye tó fi yàtọ̀ sí ibi tó wà. Àṣìṣe ò ní kọjá pulse kan láé, kò sì ní kó jọ. Ẹ kíyè sí long yẹn. int inú Uno ò lè gbà ju 32,767 lọ. Tí ẹ bá lò ó, tábìlì á kàn lọ síbi tó bá wù ú, ẹ ó sì rò pé wáyà ló fa á.

Tó bá di pé kó padà sẹ́yìn, kó kọjá ibi tó ń lọ ní 2°, kó wá sún padà síwájú dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá nìyẹn nínú kóòdù.

RìwáyàÌwó

Mo ti gbà pé servo ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi tí mo mọ̀, iná.

Ẹ wo ẹ̀yìn dráìfù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibi iná méjì: R, S, T fún agbára mọ́tò, L1C àti L2C fún ọpọlọ rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń fi wáyà kékeré so wọ́n pọ̀. Ẹ má so wọ́n pọ̀. Iná NEPA lọ sí R àti S. L1C àti L2C pẹ̀lú Arduino, UPS ni kó gbé wọn. Bí iná bá lọ ní eyín 63, servo á rọ, àmọ́ worm ò ní jẹ́ kí tábìlì yí, encoder ṣì ń kà, Arduino ṣì mọ ibi tó wà. Tí iná bá dé, ẹ pa ìkéde àṣìṣe rẹ́, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Tí gbogbo ẹ̀ bá kú pọ̀, encoder irú èyí ò ní rántí nǹkan kan.

UPS náà, kó jẹ́ èyí tí iná rẹ̀ ń ṣàn jẹ́jẹ́ bí ìgbì omi, pure sine. Àwọn ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná wọn ń fò gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ máa ń mú ọpọlọ dráìfù gbóná.

Kọ́tà á ti há sínú irin nígbà tí iná lọ. Ẹ fi ọwọ́ fà á kúrò kí iná tó dé. Kí mílíìnì máṣíìnì sì ní kọ́ńtátọ̀ (súìṣì iná) tí kò ní tan ara rẹ̀ tí iná bá padà. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju tábìlì lọ, ọwọ́ èèyàn ló wà níbẹ̀.

Wáyà pulse, kó jẹ́ èyí tí awọ irin bò, kí ẹ so awọ irin náà mọ́ ilẹ̀ ní apá dráìfù nìkan. Kó jìnnà sí wáyà mọ́tò ní 10 cm ó kéré tán. Tó bá di dandan kí wọ́n kọjá lórí ara wọn, kó jẹ́ ní àgbélébùú.

IrinTútù

Ẹ ṣé o. Ìbéèrè kan: tí mo bá há tábìlì kí n tó gé, ṣé kí n pa servo ná? Ẹnì kan ní á máa bá háhá náà jà.

OníKóòdù

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ pa á. Kí Arduino yọ servo-on (àmì tó ń tan servo) kúrò nígbà tí ẹ bá há a.

Ẹlẹ́rọHouston

Ẹ má pa á o, ẹ̀gbọ́n mi OníKóòdù, ẹ jọ̀ọ́. Encoder ò sí lórí tábìlì, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Servo ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni há tábìlì, kò sì ní ohun tó máa bá jà. Tí a bá pa á ló ń léwu, nítorí ṣáàfùtù rẹ̀ lè yí díẹ̀ nígbà tó bá rọ, á sì já gìrì tí a bá tún tàn án.

Ewu tòótọ́ ni kéèyàn tẹ bọ́tìnì eyín tó kàn nígbà tí tábìlì ṣì há. Ẹ ṣírò rẹ̀: servo yìí lè fi 3.8 N·m gbá nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Ìlọ́po 180, ká ní worm jẹ ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá, ó ku nǹkan bíi 270 N·m lórí gíà ńlá. Eyín idẹ yẹn á fọ́. Ẹ lọ sínú dráìfù, kí ẹ fi òpin agbára sí 50%, ìyẹn ààbọ̀ 1.27. Á ṣì ní nǹkan bíi 45 N·m lórí tábìlì, ó tó. Kí ẹ wá fi máíkírò-súìṣì sábẹ́ ọwọ́ tí ẹ fi ń há a. Tí ọwọ́ náà bá wà nísàlẹ̀, kí Arduino kọ̀ láti rán pulse.

OníKóòdù

Ó tọ́, mo ti gbà. Súìṣì náà, INPUT_PULLUP (ètò Arduino tó ń ka wáyà tó já bíi súìṣì tó ṣí) ni, kí ó sì jẹ́ èyí tó ń ṣí tí a bá há tábìlì. Tí wáyà rẹ̀ bá já, Arduino á rò pé tábìlì há, kò ní sún. Ohun tí a fẹ́ nìyẹn.

IrinTútù

Mo ti to gbogbo rẹ̀, bẹ́líìtì 2 sí 1, púlì alumíníọ̀mù. Ó ń sún dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá dúró, ó ń kùn bí oyin, ṣáàfùtù sì ń mira bíńtín. Gíà ọ́ìlì wo náà ni kí n rọ sí i? Mo ha á, ó pọ́n bí wúrà.

ÌyáGíà

Servo ń wá pulse kan tó kù, ṣùgbọ́n worm lẹ̀ mọ́ búṣì díẹ̀. Ó ti í, kò lọ, ó ti í sí i, ó fò kọjá, ó tún padà. Dín integral (títì tó ń pọ̀ sí i bí àṣìṣe bá pẹ́) kù nínú dráìfù, má fọwọ́ kan proportional (títì tó bá títóbi àṣìṣe mu) ná. Ṣe é díẹ̀díẹ̀, kí o máa fi ọwọ́ kan ara púlì títí kíkùn náà á fi dákẹ́. Tí kò bá dákẹ́, bẹ́líìtì ti le jù, tàbí nọ́ọ̀tì M12 yẹn.

Bàbá_Lathe

Gíà ọ́ìlì 90, ṣùgbọ́n ka ara agolo kí o tó sanwó. GL-4 (àmì irú ọ́ìlì) ni kí o mú. Kẹ́míkà inú GL-5 lè jẹ idẹ. Rọ ọ́ títí eyín ìsàlẹ̀ worm á fi rì, má kọjá ibẹ̀, á máa jò síta lábẹ́ tábìlì.

Kí o tó gé gíà gidi, gbé àwo alumíníọ̀mù tí ó fẹ̀ tó 129 mm sórí tábìlì. Fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó sínú spindle (ọ̀pá mílíìnì tó ń yí kọ́tà), má tan spindle o, kí o máa fi fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ sí etí àwo náà, 0.05 mm ní jíjìn, eyín 0 dé 126. Fi awò amúǹkantóbi wo àlàfo tó wà láàárín ìlà tó kẹ́yìn àti àkọ́kọ́, kí o fi wé àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ó padà sí òdo, kí o tún fa ìlà lórí ti àkọ́kọ́. Tí ìlà méjì bá hàn níbẹ̀ dípò ẹyọ kan, tú bẹ́líìtì wò, kí o rí i bóyá skúrù púlì tú lára ṣáàfùtù servo. Ṣáàfùtù yẹn máa ń dán. Skúrù kan ò lè dì í mú, àfi kí kíì wà níbẹ̀.